Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: Ìbò káńsù, owó orí ilé àti iṣẹ́ ọ̀wẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò káńsù gbẹ̀yìn ní ìlú wa, mo jókòó síwájú ilé mi láàárọ̀, mo ń wo ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́wọ́ ọ̀tún, lábẹ́ igi ọdán, àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò gbé tábìlì kalẹ̀, wọ́n to ìwé ìbò sílẹ̀, wọ́n sì ń retí èèyàn. Títí di nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, àwọn tó wá dìbò kò tó ogún. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti gbórí lé tábìlì, ó ti sùn lọ. Lọ́wọ́ òsì, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà wa di kòtò, àwọn ọkùnrin àdúgbò bí ọgbọ̀n ti bọ́ aṣọ, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì po sìmẹ́ǹtì, àwọn obìnrin ń ru yanrìn àti omi. Wọ́n ní nígbà tí ìjọba ti ní kí ọkọ̀ má rìn lọ́jọ́ náà, àsìkò ọ̀wẹ̀ ló dé yẹn.

Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọ tí mo mọ̀ láti kékeré. Mo ní, "Ṣé o ti dìbò?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ tó lérè. Ìbò káńsù wo? Àwọn tó máa wọlé ti wọlé láti àná." Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fi dé pẹ̀lú ìwé owó orí ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì réètì. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìnkùlé wa, opó ni, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Iye tí wọ́n kọ fún un, òun náà ni wọ́n kọ fún ilé alájà kan tó wà lódì kejì títì, tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá mú ìwé náà wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìbò, owó orí ilé àti iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni ààrò mẹ́ta tí ìlú kékeré fi ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná. Ohun tí àwa ṣe ni pé a yọ méjì kúrò, a wá ń fi ẹyọ kan gbé ìkòkò. A kì í dìbò, a ń sá fún owó orí ilé, a wá ń fi èjìká ara wa tún ọ̀nà ṣe. Ọbẹ̀ wa ń dà nù lójoojúmọ́, a sì ń bi ara wa léèrè ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin náà wá to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo èèyàn, ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà, kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí àti ti ẹni tó kú sílẹ̀. Wọ́n tún ní ìpín tiwọn nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú àtòjọ yìí kan náà ni òfin ti ní àwọn ni kí wọ́n máa díye lé ilé aládàáni, kí wọ́n lè gba owó orí rẹ̀, níwọ̀n tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé wa? Ààrẹ tó wà l'Ábújá kò ní wá kó gọ́tà wa. Gómìnà kò lè mọ ibi tí ìyá oníṣu ń patẹ sí nígbà òjò. Káńsù ni ìjọba tó sún mọ́ wa jù, òun náà la sì fojú dí jù.

Ọ̀rọ̀ owó orí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1918, ogun Adubi jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Nígbà tó di 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, tú jáde nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tó sì jẹ́ pé obìnrin kò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà kan. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì ráyè wọ inú ìgbìmọ̀.

Àwọn tó dàgbà nínú yín á rántí ti Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969. Àgbẹ̀ kò rí owó gidi lórí kòkó, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, síbẹ̀ owó orí ń lọ sókè, àwọn agbowó-orí àti òṣìṣẹ́ káńsù ń lé èèyàn wọ inú igbó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí i ni ìjọba tó gbà, tí wọ́n já owó náà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Bí a bá wo ìtàn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba àti ìyá wa kò sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà fúnra wọn ló dárúkọ iye tí agbára wọn ká, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí wọ́n gbé ẹrù tí kò bá èjìká mu lé wọn lórí, kí wọ́n má sì fi owó náà ṣe ohun tí ojú rí. Àwọn ìyá Ẹ̀gbá ní tiwọn kọ̀ láti máa san owó níbi tí wọn kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun méjì tí a gbọ́dọ̀ máa béèrè títí dòní nìyẹn: ṣé iye náà bá agbára ẹni mu, ṣé a sì lẹ́nu lórí bí wọn yóò ṣe ná an?

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Ní 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan tó wá láti Kánò, wọ́n ní iṣẹ́ dídíye lé ilé fún owó orí, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí a dìbò yàn ní wọ́ọ̀dù wa wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà já lé léjìká. Kì í ṣe kí ọmọ kan tí a kò mọ̀ rí gun ọ̀kadà wá, kó dúró ní títì, kó kàn máa kọ iye tó bá wù ú sínú ìwé. Ẹni tó fẹ́ díye lé ilé gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà, kó wo bí ilé ti tóbi tó, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ibi tó wà, ohun tí wọ́n ń lò ó fún, àti iye tí wọ́n lè fi háyà rẹ̀ lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí onílé lè lọ wò, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé láti ta kò ó. Ilé alámọ̀ tí opó ń gbé àti ilé oníṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó ń mówó wọlé lóṣooṣù kò lè jẹ́ iye kan náà láéláé. Bó bá jẹ́ iye kan náà, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò wo ilé rárá.

Ẹ wo Èkó. Láti 2001 ni wọ́n ti ní òfin owó ilé àti ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òfin mìíràn dé ní 2018, tí owó náà sì fò sókè lójijì, ariwo ta, àwọn onílé, àwọn oníṣòwò àti àwọn agbẹjọ́rò kò gbà, ìjọba sì ní láti dín in kù. Ní 2020, wọ́n dá iye náà padà sí bó ṣe wà kó tó di 2018. Ariwo tí àwọn èèyàn pa nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ka òfin náà, wọ́n mú ìwé dání, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ìjọba jà lé lórí. Òfin ti Èkó náà yọ ilé tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń fúnra rẹ̀ gbé sílẹ̀, wọn kì í gbowó lórí rẹ̀. Ṣé káńsù tiwa kò lè ṣe irú rẹ̀ fún opó àti arúgbó? Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ká yàn án ní aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn nìyẹn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó ṣòroó sọ nílé wa. Bí ẹ bá yí ìlú kékeré ká lónìí, àwọn ilé tó tóbi jù, tó ní ògiri gíga àti géètì onírin, àwọn tó kọ́ wọn kò gbé ibẹ̀. Ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújá, ní London tàbí ní Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn, ọdẹ àti adìẹ ló ń gbé ibẹ̀ títí di ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe dáadáa, wọ́n ń gbẹ́ kànga, wọ́n ń san owó ìdáwó ìlú. Ṣùgbọ́n owó orí ilé yàtọ̀ sí ìdáwó. Ìdáwó, ìgbà tó bá wuni lèèyàn ń ṣe é, wọn a sì fi orúkọ ẹni kéde. Owó orí ilé, dandan ni, kò lórin, kò sì ní oríkì. Bí a bá ń gba owó lọ́wọ́ opó tí ilé rẹ̀ ń jò, tí a wá ń fi ojú fo ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀ nítorí pé olówó ló ni ín, a jẹ́ pé àwa fúnra wa la kọ́ káńsù ní ìrẹ́jẹ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìbò. Mi ò ní tan yín jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ fún mi lójú ọ̀wẹ̀, ó ní ìdí. Ní Ògùn, ní oṣù kọkànlá 2024, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ipò alága 20. Ní Oǹdó, ní oṣù kìíní 2025, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo 18. Ní Ọ̀ṣun, ní oṣù kejì 2025, ẹgbẹ́ kan ló kó gbogbo 30. Ní Èkó, ní oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ kan ló kó gbogbo 57, ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìdàgbàsókè pọ̀. Ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹgbẹ́ tí gómìnà wà nínú rẹ̀ nígbà náà ló borí. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́dá yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n orin kan náà ni wọ́n kọ. Ní Ọ̀ṣun pàápàá, ìjà lórí ẹni tó ni àga káńsù mú ẹ̀mí lọ, owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì há fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ta ni yóò rí èyí tí yóò sọ pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí olè bá mọ̀ pé onílé ti sùn, ṣé yóò bẹ̀rù? Ibi tí èèyàn ogún ti dìbò, ó rọrùn láti kọ igba sílẹ̀. Ibi tí igba èèyàn ti dìbò, tí wọ́n dúró títí wọ́n fi ka ìbò tán, tí wọ́n fi fóònù ya àwòrán èsì, ẹni tó fẹ́ yí i padà yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àti pé kì í ṣe ipò alága nìkan là ń dìbò fún. Káńsẹ́lọ̀ wà, ọmọ àdúgbò wa ni, a mọ bàbá rẹ̀, a mọ ìyá rẹ̀, a mọ ibi tó ti ń jẹun. Ẹgbẹ́ yòówù kó wà, a lè pè é sí ìpàdé ìlú kí wọ́n tó fà á kalẹ̀, ká sì béèrè ohun tó fẹ́ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ilé ni a ti ń tún ọ̀rọ̀ ìbò ṣe kó tó dé abẹ́ igi ọdán.

Nǹkan mìíràn tún ti yí padà. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò láṣẹ láti tú ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn ká, kó sì fi alága fìdíhẹ rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìdájọ́ yìí kàn. Àwáwí tí àwọn alága ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ ni owó ń rì sí. Ilé ẹjọ́ ti dí ọ̀nà àwáwí yẹn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Àbújá wá sí àdúgbò wa. Àwa tó wà níbí la gbọ́dọ̀ máa béèrè pé, "Alága, èló ló wọlé lóṣù yìí, kí lẹ sì fi ṣe?" Bí a kò bá dìbò, tí a kò sì san owó orí ilé, ẹnu wo la fẹ́ fi béèrè? Òfin fún gbogbo ọmọ ìlú láṣẹ láti béèrè, ìyẹn ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú rìsíìtì dání, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó dìbò, ohùn tirẹ̀ máa ń dún ketekete létí alága.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, mi ò bá a jà rárá. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ilé, tí wọ́n fi ń ro oko, tí wọ́n fi la ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí à ń tọ̀ títí dòní. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí a ti ń fi í bo ìtìjú káńsù mọ́lẹ̀. Bí a bá ti fi owó ara wa ra sìmẹ́ǹtì, tí a fi ọwọ́ ara wa po ó, ta ló mọ̀ bóyá ẹnìkan wà ní ọ́fíìsì tó ń kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bíi kọ́ńtíráàtì? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn tó lágbára á kó lọ sí ìlú ńlá, yóò ku arúgbó àti kòtò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Kí ọ̀wẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ onílé kọ́kọ́ kọ̀wé sí káńsù, kí wọ́n gba èsì tàbí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Kí káńsù mú òkúta, sìmẹ́ǹtì àti ẹni tó mọ iṣẹ́ wá, kí àdúgbò mú ọwọ́ wá. Bí káńsù bá kọ̀, ká ṣe iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ká kọ iye owó àti orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe é sínú ìwé, ká ya àwòrán rẹ̀, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ọjà. Lọ́dún tí ìbò bá dé, ìwé náà ni ká gbé síwájú gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìbò.

Lórí owó orí ilé, ẹ má ya ìwé náà dànù, ẹ má sì fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹ mú un lọ sí ìpàdé àdúgbò, kí a fi iye tiyín wé ti aládùúgbò. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, kó kọ̀wé ta kò ó kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹ má san owó kankan sọ́wọ́ ẹni tí kò já rìsíìtì káńsù fún yín. Àwọn ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi, ẹ sọ fún wọn pé ilé tí wọ́n kọ́ sílé ní owó orí, kí wọ́n san án bí àwọn náà ṣe ń san ti ibi tí wọ́n ń gbé.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣe parí. Èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé mú un lọ sí ọ́fíìsì káńsù. A kò pariwo. A gbé ìwé tirẹ̀ àti ti ilé alájà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ní kí wọ́n wá wo ilé méjèèjì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wò wá títí, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ẹ̀ka náà, ẹnìkan ò tíì wá ta ko iye tí wọ́n kọ fún un rí, àwọn tí kò fẹ́ san kàn máa ń sá ni. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n wá pẹ̀lú téèpù, wọ́n wọn ilé méjèèjì. Ti ìyá wálẹ̀ sí díẹ̀ nínú iye àkọ́kọ́. Ti ilé alájà lọ sókè, onílé náà kò sì bínú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ìyá san tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ká rìsíìtì rẹ̀ sínú ìborùn, ó so ó. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, a gba orí afárá kékeré tí àwọn ọmọ yẹn fi ọ̀wẹ̀ ṣe kọjá. Ìyá dúró, ó wo gọ́tà tó ti fẹ́ẹ̀ dí pátápátá fún ìdọ̀tí, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti sanwó báyìí. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wa? Ẹ bá mi pè é." Mo ti lò ju ogójì ọdún lọ ní àdúgbò yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìbéèrè yẹn nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ta ni káńsẹ́lọ̀ tiyín?